Ọrọ́ Tó Tanná Lórí Ilẹ̀ Olónílẹ̀

Bàámi kọ́ ilé fún ẹ̀gún kí ó tó kọ́ ilé fún àwa ọmọ rẹ̀. Màámi ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀, kò sì parọ́. Ẹ̀yìn ilé tí a háyà ní Badagry, láàárín ilé ìdáná àti ògiri balùwẹ̀, ni ilé náà wà. Ọparun ni òpó rẹ̀, ọ̀rá funfun tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá ni òrùlé rẹ̀, gíláàsì fèrèsé àlòkù tí kọ́lẹ́ẹ̀jì fẹ́ dà nù ló sì fi ṣe ògiri ìhà tí atẹ́gùn òkun ti ń fẹ́ wá. Gbogbo àdúgbò ń pè é ní ilé ọ̀rá. Àwọn kan rò pé adìyẹ ló fẹ́ sìn níbẹ̀, wọ́n sì máa ń béèrè ìgbà tí ẹyin máa jáde. Nígbà tí wọ́n bá yọjú wọlé tí wọ́n rí i pé ọrọ́, àbámodá, alóè, ojà ìkòokò àti oríṣiríṣi ohun ẹlẹ́gùn-ún tí a kò mọ orúkọ wọn ló tò sínú garawa àti agolo mílíìkì, wọ́n á wo ojú Bàámi dáadáa, wọ́n á sì rọra padà síta. Ní ìlú tí òjò ti ń rọ̀ tó ti Badagry, ta ló ń kọ́ ilé tí òjò kò gbọdọ̀ wọ̀ fún igi? Bàámi á ṣàlàyé pé omi ló ń pa irú igi wọ̀nyí, kì í ṣe òùngbẹ. Wọ́n á ní, “Tísà, ẹ kú iṣẹ́,” wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín lọ.

Bàámi kì í tilẹ̀ ṣe tísà. Yàrá tí wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń tọ́jú àwọn ọ̀pọ̀lọ́ inú ìgò, ṣùgbọ́n nígbà yẹn, ẹni tó bá ti fi péènì há àpò ẹ̀wù tó sì ń bọ̀ láti ọ̀nà kọ́lẹ́ẹ̀jì, tísà ni. Èkìtì ló ti wá síbẹ̀ ṣiṣẹ́. Òyìnbó obìnrin kan tó ń kọ́ni níbi iṣẹ́ rẹ̀ ló fi àwọn igi náà sílẹ̀ fún un. Ìgbà tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀, tí ìjọba ológun sì ní kí a fara dà á, àwọn òyìnbó kọ́lẹ́ẹ̀jì ń kó ẹrù wọn lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí mò ń wí yìí kó ìwé rẹ̀ fún láíbìrì, ó fi ológbò rẹ̀ fún alùfáà, ó wá fi ẹ̀gún rẹ̀ fún bàbá mi. Ó kọ́ ọ pé tí ọyẹ́ bá ti dé, kí ó má ṣe bu omi sí wọn rárá. Ó ní igi tí òùngbẹ bá gbẹ dáadáa nínú ọyẹ́ á tanná kí òjò àkọ́kọ́ tó balẹ̀. Bàámi gbà á gbọ́ pátápátá. Nínú gbogbo wọn, ọ̀kan ló gbọ́kàn lé jù: ọrọ́ kan tí ara rẹ̀ pẹlẹbẹ, tó so mọ́ra wọn bí abẹ̀bẹ̀ lórí abẹ̀bẹ̀, tó ga jù mí lọ. Àwa ọmọ ń pè é ní Alábẹ̀bẹ̀. Òyìnbó náà ní òun kò rí òdòdó rẹ̀ rí ní gbogbo ìgbà tí òun fi ní in. Bàámi pinnu pé òun á rí i. Ọyẹ́ dé, ọyẹ́ lọ, òmíràn tún dé, Alábẹ̀bẹ̀ kàn ń hu ẹ̀gún sí i ni. Ojà ìkòokò tanná funfun tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́dún kan, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo ẹ̀yìn ilé, ṣùgbọ́n Bàámi ní ìyẹn kò kà, pé ojà ìkòokò kì í jẹ́ kí ènìyàn ṣe wàhálà kankan.

Ìyá Sẹ̀nàmi ni láńlédì wa. Opó ni, ọmọbìnrin ìdílé tó ni ilẹ̀ náà. Ilé tirẹ̀ wà níwájú, tiwa wà lẹ́yìn, kànga kan náà la jọ ń fà. Ègùn ni, Yorùbá rẹ̀ sì ní ohùn tirẹ̀ tí mo mọ̀ ọ́n sín jẹ títí Màámi fi gbá mi létí. Òróró àgbọn ló ń ṣe. Láti àárọ̀ la ti ń gbọ́ àdá tó ń la àgbọn, lẹ́yìn ìyẹn ni ìró rírin rẹ̀, fẹ̀rẹ̀fẹ̀rẹ̀, lára páànù tí a fi ìṣó lu ihò sí. Iṣẹ́ mi ni kí n gbálẹ̀, kí n fa omi kún ìkòkò, kí n sì bá a rin àgbọn lọ́jọ́ Sátidé. Ohun tó máa ń ṣẹ́kù nísàlẹ̀ ìkòkò lẹ́yìn tí òróró bá ti jáde tán, tó pọ́n, tó sì dùn, tèmi àti ti àbúrò mi Dàpọ̀ ni. A máa ń fi jẹ gàrí, a ó sì máa gbọ́ òkun láti òkèèrè nígbà tí a bá dákẹ́ ẹnu. Mo ti jẹun ní ibi púpọ̀ láti ìgbà náà, wọ́n sì ti gbé oríṣiríṣi nǹkan síwájú mi, n kò tíì rí èyí tó tó o.

Ọjọ́ tí a kó débẹ̀ ni Ìyá Sẹ̀nàmi ti sọ òfin ilẹ̀ wọn fún wa. Ẹ̀fọ́, ata, ilá, àgbàdo, ohun tí a bá lè jẹ tán kí ọdún tó yí, a lè gbìn ín. Àgbọn, mángòrò, ọ̀pẹ, pèrègún, ọrọ́, ohun tó bá máa dúró, a kò gbọdọ̀ fi sínú ilẹ̀. Pèrègún ni wọ́n fi ń mọ ààlà níbẹ̀, àyálégbé tó bá sì gbin igi tó ń pẹ́, bí ẹni pé ó ti ń sọ pé òun náà ní ìpín ni. Bàámi rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ìyá, inú garawa ni tèmi ń gbé. Garawa kì í ṣe ilẹ̀.” Ìyá Sẹ̀nàmi rò ó síwá sẹ́yìn, ó gbà pé garawa kì í ṣe ilẹ̀, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Bí mo bá ti ń rántí ìdáhùn yẹn, ẹ̀rín máa ń pa mí. Bàámi mọ garawa o, kì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n. Garawa tí ìyá rẹ̀ fi ń pọn omi ní Èkìtì kí wọ́n tó bí i, inú rẹ̀ náà ni wọ́n ti pọn omi tí a fi wẹ̀ nígbà tí a lọ kí wọn. Badagry ni kò mọ̀. Níbẹ̀, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun ń jẹ irin: páànù, ìdè ilẹ̀kùn, kẹ̀kẹ́, ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ Màámi. Ó ń rí gbogbo ìwọ̀nyí lójoojúmọ́, kò sì wá sí i lọ́kàn láti wo abẹ́ garawa.

Ọdún tí mo fẹ́ sọ yìí, nǹkan le. Wọ́n ti bọ́ọ̀dà pa, àwọn sójà sì tò sí ojú ọ̀nà títí lọ dé Sẹ̀mẹ̀. Búrẹ́dì Àjàṣẹ́ tí a máa ń jẹ lọ́jọ́ Sọ́ńdè di àlá. Ṣúgà àti ọṣẹ, ìlà la ń tò sí kí a tó rí wọn. Níbi iṣẹ́ Bàámi, wọ́n ń dá àwọn ènìyàn dúró, ọmọ kíláàsì mi kan sì wà tí wọ́n dá bàbá rẹ̀ dúró, tí ìyá rẹ̀ kó wọn lọ sí ìlú rẹ̀, tí bàbá wá ku òun nìkan. A kò gbúròó ọmọ náà mọ́. Àárín gbogbo èyí ni Bàámi ti lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan gba igi ẹlẹ́gùn-ún tuntun, ó wé e sínú àpò, sójà sì dá ọkọ̀ dúró. Sójà ní kí ni wọ́n kó sínú àpò, Bàámi ní ẹ̀gún ni. Sójà rò pé ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ẹ̀gún sì gún un. Ó ní kí Bàámi kúnlẹ̀ nínú oòrùn, kí ó gbé àpò náà lérí, títí ẹni tí ọwọ́ ń ta fi gbàgbé pé inú ń bí òun. Nígbà tó dé ilé tó sọ ọ́ fún wa, Màámi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó wá sunkún díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ó sì lọ ro ẹ̀bà.

Ọyẹ́ ọdún náà gbẹ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ètè wa ń là, òróró àgbọn Ìyá Sẹ̀nàmi la sì fi ń pa á. Nínú ilé ọ̀rá, Bàámi kò bu omi kankan sí igi rẹ̀, ó sì kìlọ̀ fún wa pé ẹni tó bá ṣàánú wọn kò ṣàánú òun. Àbámodá ló kọ́kọ́ dáhùn. Ó ta ọ̀pá gíga, ó so òdòdó tó dorí kodò bí agogo wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́, Dàpọ̀ sì ń fi ìka tẹ̀ wọ́n kí wọ́n lè dún pó. Alóè tẹ̀ lé e, tirẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ẹyẹ kékeré ẹlẹ́nu gígùn sì ń gba ibi tí gíláàsì ti fọ́ wọlé wá mu nínú rẹ̀. Inú Bàámi ń dùn, ó ń jí ṣáájú gbogbo wa. Ó wá di àárọ̀ kan, ó pariwo orúkọ mi, mo sáré dé ibẹ̀, ó sì na ìka sí etí ọ̀kan nínú àwọn abẹ̀bẹ̀ Alábẹ̀bẹ̀. Nǹkan kan wú síbẹ̀, tó kéré bí orí ìka ọmọdé. Òmíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn mìíràn sì ń yọrí lókè. Alábẹ̀bẹ̀ ti rudi. Bàámi ní, “Wùmí, òùngbẹ yẹn ti ṣiṣẹ́.” N kò rí i kí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí nǹkan ti le.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni Ìyá Sẹ̀nàmi sọ pé ẹ̀gbọ́n òun ń bọ̀. Baba Kankon la ń pè é, torí Kankon ló ń gbé. Òun ni olórí ìdílé wọn, ọdọọdún tí ọyẹ́ bá ti ń lọ ló sì máa ń wá rìn yí ilẹ̀ ká, torí ìgbà náà ni igbó máa ń gbẹ, tí ojú máa ń rí gbogbo pèrègún ààlà. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, ó ń bọ̀ pẹ̀lú ìbínú. Ní Imeke, àyálégbé kan ti lọ sọ ní kóòtù pé òun ló ni ibi tí òun ń gbé, mángòrò tó gbìn síbẹ̀ ló sì ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Baba Kankon ti ránṣẹ́ sí gbogbo ilé ìdílé wọn pé àyálégbé tí òun bá bá igi rẹ̀ nínú ilẹ̀, kí ó kó ẹrù rẹ̀ lọ lọ́jọ́ náà. Bàámi ní èyí kò kan òun. Lọ́jọ́ Sátidé tí ìjọba fi sílẹ̀ fún ìmọ́tótó, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jáde, ó ní kí a kó àwọn garawa síta kí a lè gbá ilé ọ̀rá mọ́ dè é. A kó wọn tán, ó ku Alábẹ̀bẹ̀. Bàámi fi àpò wé e, ó ní, “Wùmí, di ìhà ibẹ̀ yẹn mú.” A gbé e, kò mì. A tún gbé e. Bàámi dọ̀bálẹ̀, ó wo abẹ́ garawa náà, kò sì tètè dìde.

Màámi ti ilé ìdáná jáde wá pẹ̀lú ìpọnbẹ̀ lọ́wọ́. “Kí ló dé?”

“Ó ti wọlẹ̀.”

“Kí ló ti wọlẹ̀?”

“Alábẹ̀bẹ̀. Garawa ti jẹrà nísàlẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ ti wọnú ilẹ̀ lọ.”

Màámi sún mọ́ ibẹ̀. Ó wo igi, ó wo Bàámi. “Bàbá Wùmí, ẹ gé e.”

“Ó ti rudi, Ìyá Wùmí. Tí mo bá gé gbòǹgbò rẹ̀ báyìí, gbogbo ìrudi yẹn ló máa já.”

“Kí wọ́n já. Ṣé inú òdòdó la máa sùn sí?” Ohùn rẹ̀ wálẹ̀, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù, torí màmá mi kì í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí nǹkan kò bá burú. “Ẹ mọ̀ pé kò sí ilé mìíràn tí agbára wa ká. Tí wọ́n bá lé wa níbí, n óò kó àwọn ọmọ lọ bá ìyá mi ní Adó. Ẹ̀yin á máa sùn lọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ yín. Ìgbà tí a bá tún máa jọ gbé inú ilé kan náà, n kò mọ̀ ọ́n.”

Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo rántí ọmọ kíláàsì mi. Mo wo ìrudi náà, mo sì kórìíra wọn, ní tòótọ́. Bàámi wọlé lọ mú ọ̀bẹ, ó pọ́n ọn lórí òkúta ẹ̀yìn kànga, ó wọ ilé ọ̀rá, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ọ̀bẹ kò kan nǹkan kan. Ó ní ó di ọ̀la. Nígbà tí ọ̀la dé, ó tún mú ọ̀bẹ, ó tún jáde bó ṣe wọlé. Màámi kò bá a jà. Àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló fà jáde, ó ń nu eruku ara rẹ̀. Bàámi rí i. Ó fi ọ̀bẹ lélẹ̀, ó wọ ẹ̀wù, ó ní kí n tẹ̀ lé òun, a sì lọ sí iwájú ilé.

Ìyá Sẹ̀nàmi ń rin àgbọn lọ́wọ́. Bàámi dọ̀bálẹ̀, ìyẹn nìkan sì ti tó láti sọ fún un pé nǹkan ti bàjẹ́, torí “ẹ káàárọ̀” ìdúró ni wọ́n máa ń kí ara wọn.

“Ẹ dìde, ẹ jókòó, Tísà.”

“N kò ní jókòó, Ìyá. Ọrọ́ mi kan ti ta gbòǹgbò sínú ilẹ̀ yín. N kò gbìn ín o. Garawa ló jẹrà.”

Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú àgbọn, ó sì ké pe Ọlọ́run ní èdè Ègùn. “Máwù! Tísà, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n lé èmi náà ni? Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n á sọ? Wọ́n á ní èmi obìnrin tí ọkọ mi kú, mo padà wálé wá ta ilẹ̀ bàbá mi fún ará òkè.”

“Ẹ má bínú, Ìyá. Tí ẹ bá ní kí n gé e, n óò gé e lónìí.”

Ó fẹ́ sọ pé kí ó gé e, mo rí i lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó mi orí. “Kò sí bí ẹ ṣe máa gé e tí gbòǹgbò kò ní ṣẹ́kù nísàlẹ̀. Baba máa rí ojú ibi tí ẹ gbẹ́. Wọ́n á ní ẹ gbìn ín ni, ẹ wá ń bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀. Kí ẹ fi ẹnu yín sọ fún wọn, lójú gbogbo wa, kí wọ́n tó fojú ara wọn rí i.”

Orí kẹ̀kẹ́ ni Baba Kankon gùn dé, àgbàlagbà gbọ̀ngbọ̀nràn kan tó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà kí ó tó tẹ ilẹ̀ ìdílé rẹ̀. Màámi ti wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì fún wa, bí ẹni pé ó fẹ́ fi wá tọrọ àánú, a sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ẹsẹ̀ wa kò kan ilẹ̀. Baba mú àdá, ó ń rìn, ó ń fọwọ́ kan pèrègún kọ̀ọ̀kan, Ìyá Sẹ̀nàmi ń tẹ̀ lé e. A ń gbọ́ ohùn wọn ní Ègùn, tó ń sún mọ́ wa díẹ̀díẹ̀. Kí wọ́n tó dé ilé ọ̀rá ni Bàámi ti jáde pàdé wọn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sì sọ ọ́ gẹ́lẹ́ bó ṣe rí, kò fi kún un, kò sì yọ nínú rẹ̀. Baba Kankon kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wọ ilé ọ̀rá lọ, ó bẹ̀rẹ̀, ó ki ọwọ́ sábẹ́ garawa. Nígbà tó fa ọwọ́ rẹ̀ jáde, ìpẹtà pupa ló kún inú rẹ̀, ó sì fi àtàǹpàkò rún un.

“Ilé ta ni o gbé garawa yìí dúró sí?”

“Ilé yín ni, Baba.”

“Ilẹ̀ ta ni igi yìí ń jẹ?”

“Ilẹ̀ yín ni.”

“Ta ló wá ni igi?”

Bàámi wo Alábẹ̀bẹ̀. Ìrudi rẹ̀ ti wú, orí wọn sì ti ń ṣe yẹ́lò. Mo mọ̀ pé ó ti tọ́jú igi náà, ó ti bá a sọ̀rọ̀, sójà ti mú un kúnlẹ̀ nínú oòrùn nítorí irú rẹ̀. Ó ní, “Ìdílé yín ló ni ín, Baba. Kì í ṣe tèmi.”

Mo rò pé ó ti parí nìyẹn, mo sì ń mí. Ṣùgbọ́n Baba Kankon yíjú sí bẹ́ǹṣì. “Èmi àti ìwọ máa kú. Àwọn wọ̀nyí ló máa sọ̀rọ̀ lẹ́yìn wa.” Ó na àdá sí mi. “Ìwọ, ta ló ni igi yìí?”

Mo ní, “Ìyá Sẹ̀nàmi ni, sà.”

“Ìwọ ńkọ́, kékeré?”

Dàpọ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Ó fi gbogbo ẹnu rẹ̀ pariwo, “Ti Bàámi ni!”

Màámi fọwọ́ bo ojú. Baba Kankon yíjú sí àbúrò rẹ̀. “Ṣé o gbọ́? Eléyìí ló máa gbé àwọn ọmọ wa lọ sí kóòtù.” Bàámi fẹ́ sọ̀rọ̀, Baba gbé ọwọ́ sókè pé kí ó dákẹ́, torí ẹ̀rí tí bàbá bá fi sí ọmọ lẹ́nu kò wúlò fún un. Mo mọ̀ ọ́n báyìí pé ọ̀rọ̀ gidi ni, n kò sì fojú kéré rẹ̀. Mo ti rí ẹjọ́ ilẹ̀ tó ju ti Imeke lọ, mo ti rí ọmọ ìyá méjì tí wọn kò kí ara wọn mọ́ nítorí igi ọ̀pẹ, mo sì ti rò ó pé ìkà kọ́ ni bàbá náà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ó dà bí ẹni pé wọ́n ti gbé àpótí wa sínú ọkọ̀ Adó.

Ìyá Sẹ̀nàmi ló lọ bá Dàpọ̀. Ó jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì. “Dàpọ̀, ta ló ni àgbọn tó wà níwájú ilé?”

“Tiyín ni.”

“Ta ló ń fún ọ jẹ nínú rẹ̀?”

“Ẹ̀yin ni.”

“Tí Wùmí bá bá mi rin àgbọn títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó, ṣé àgbọn ti di ti Wùmí?”

Dàpọ̀ rò ó. Ó wò mí. Ó hàn pé kò fẹ́ kí nǹkan kan di tèmi. “Rárá o!”

“Bàbá rẹ bá mi tọ́jú ọrọ́ yìí títí ẹ̀gún fi gún un lọ́wọ́. Igi ta ni?”

“Tiyín ni,” ni Dàpọ̀ wí, ohùn rẹ̀ sì balẹ̀. “Ṣùgbọ́n ẹ máa fún Bàámi nínú rẹ̀.”

Baba Kankon bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ńlá ni, ó sì ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. “Bọ̀ọ́n,” ni Ìyá Sẹ̀nàmi wí, bí àwọn tó ń ná ọjà Àjàṣẹ́ ṣe máa ń wí pé ó dára. “Mo gbọ́. Màá fún un.” Baba ní kí wọ́n fọ́ àgbọn kan, ó mu omi rẹ̀, ó fún Bàámi mu, ó fún èmi àti Dàpọ̀ náà, kí gbogbo wa lè rántí pé a ti gbà. Ó sọ fún Bàámi pé kí ó máa gbé ilé rẹ̀ lọ, kí ó sì máa wo abẹ́ garawa tó kù. Ó bọ bàtà rẹ̀, ó gun kẹ̀kẹ́, ó lọ. Ara mi fúyẹ́ débi pé mo sáré yí kànga ká láìnídìí. Ìyá Sẹ̀nàmi sì mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀. Ó ya abẹ̀bẹ̀ kan lára Alábẹ̀bẹ̀, ó fi fún Bàámi lójú wa, inú ìkòkò amọ̀ sì ni Bàámi gbìn ín sí, lórí bíríkì, ibi tó ti lè máa wo abẹ́ rẹ̀ láràárọ̀. Òdòdó yẹn wá ńkọ́? Òùngbẹ ló mú un jáde ni, àbí ilẹ̀ Ìyá Sẹ̀nàmi tó ti ń mu lábẹ́lẹ̀? Bàámi títí ó fi darúgbó ń sọ pé òùngbẹ ni. Màámi ń sọ pé ilẹ̀ ni. N kò bá wọn dá sí i.

Òdòdó àkọ́kọ́ là lẹ́yìn tí Baba Kankon ti padà lọ, láàárọ̀ kan tí oòrùn tètè mú. Ìyá Sẹ̀nàmi ló rí i, torí láti ìgbà tó ti di tirẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ tán kí ó tó lọ wò ó. Igbe rẹ̀ gba gbogbo ilé. “Tísà! Ẹ wá wo òdòdó mi!” Bàámi sáré jáde láti balùwẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìnura nídìí àti ọṣẹ létí. Ó dé ẹnu ọ̀nà ilé ọ̀rá tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́, ó dúró. “Ìyá, ṣé kí n wọlé?” Ó ní kí ó wọlé, kí ó wọlé jàre. Òdòdó náà yẹ́lò bí pupa ẹyin, ó tóbi ju bí a ṣe rò lọ, oyin méjì sì ti wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń yí gbiri. Bàámi wò ó títí, omi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Ó béèrè bóyá kí òun bu omi díẹ̀ sí i báyìí. Ìyá Sẹ̀nàmi káwọ́ lérí. “Igi yín kọ́. Ẹ jẹ́ kí n rò ó ná.” Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín títí tí oyin fi fò jáde.

Màámi dé ẹnu ọ̀nà, ó na ọrùn wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ní ó dára, ó sì padà sílé. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, ó tẹ́ ẹní sí ọ̀ọ̀dẹ̀, ó fi apá rọrí, ó sì sùn lọ, màmá mi tí n kò rí kí ó fẹ̀yìn lélẹ̀ rí nígbà tí oòrùn bá wà lókè. Ìyá Sẹ̀nàmi gbé àgbọn rẹ̀ lọ rin lọ́nà jíjìn kí ìró rẹ̀ má bàa jí i. Bàámi ro ẹ̀bà tó kún fún kókó, a sì jẹ ẹ́ láìsọ̀rọ̀. Màámi sùn títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Nígbà tó jí, ó dìde jókòó, ó wo ìta, ó sì bínú díẹ̀. “Kí ló dé tí ẹ kò jí mi?”

Bàámi ní, “Ìyá Wùmí, kò sí ohun tó ń lé wa mọ́.”